Èló Ni Ọwọ́ Ọ̀tún Ìyá Kúdí?

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá Adélékàn ní Ìlaròó, bàbá yẹn kò tiẹ̀ kí mi káàbọ̀. Ó na ìka rẹ̀ kan sókè níwájú mi, ó ní, "Bùnmi, èló ni ìka yìí?"

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé àwọn lọ́yà ni, ẹnu mi mú bí abẹ. Mo ní, "Ẹ̀yà ara èèyàn kò ṣe é dá iye lé, sà."

"Ọ̀rọ̀ pásítọ̀ nìyẹn," ni bàbá wí. "Adájọ́ ti mú bírò lọ́wọ́, ó ń dúró dè ọ́. Ẹni tí ọkọ̀ gé ìka rẹ̀ dànù jókòó sẹ́yìn rẹ, ó ń wo ẹnu rẹ. Èló?"

Ó tán. Inú bí mi débi pé etí mi gbóná, nítorí ọmọ tísà ìṣirò ni mí. Bàbá mi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò níléèwé míṣọ́ọ̀nù ní Ayétòrò títí ó fi fẹ̀yìn tì, ẹni tí kò bá sì mọ ìlọ́po rẹ̀ nílé wa, ẹran rẹ̀ á máa wò ó láwo ni. Kí ẹnìkan wá bi èmi ní "èló" kí n máa wo àjà! Ọ̀gá rí ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìbéèrè tó yẹ kí o bi mí padà ni pé, ìka ta ni?"

Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ owó gbà-má-bínú nìyẹn, mi ò sì tíì ráyè fi í sílẹ̀ di òní. Ẹni tí ọkọ̀ gbá, ẹni tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́ níbi iṣẹ́, ẹni tí ògiri aláìbìkítà wó lù, àwọn ni oníbàárà mi. Ìka kan náà ni gbogbo wa ní, àmọ́ tísà tí ìka rẹ̀ gé á ṣì lè kọ́ni, gbàjámọ̀ tí ìka rẹ̀ gé á máa wá iṣẹ́ mìíràn kiri. Ẹ ò rí i pé ó dùn? Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ máa ń ní báwo ni mo ṣe ń fara da gbogbo ẹkún yẹn. Mo ní ẹ jẹ́ n ṣírò tèmi jàre.

Ọ̀gá ní àpò mẹ́ta ni ẹni tó fara pa ń gbé wá bá wa. Owó tó ti jáde wà nínú èkíní: owó ọsibítù, owó oògùn, owó ọkọ̀, títí kan oúnjẹ tí aya tàbí ọmọ ń rà tó bá dúró ti aláìsàn. Àpò yìí ló le jù, nítorí adájọ́ kò ní bá ọ méfò kọ́bọ̀ kan níbẹ̀. O gbọ́dọ̀ mú rìsíìtì wá, tàbí kí o mú ẹni tó gbowó wá. Mo ní oníbàárà kan tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ bàbá tó ń to eegun ló ti gbàtọ́jú. Níbo ni ẹ ti rí ẹni tó ń to eegun tó ń já rìsíìtì? Mo mú bàbá náà fúnra rẹ̀ wá sí kóòtù. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè iye tó gbà, ó ní, "Owó, àkùkọ kan, àti ọtí. Ọtí náà kò tilẹ̀ dára." Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín, adájọ́ kọ àkùkọ sílẹ̀, ó yọ ọtí kúrò.

Owó tí kò ní wọlé mọ́ ló wà nínú àpò kejì. O wo iye tí onítọ̀hún ń rí kó tó fara pa, o wo iye tó lè rí báyìí, o fi ọdún tó yẹ kó ṣì ṣiṣẹ́ sọ ọ́ di ìlọ́po. Lẹ́yìn náà o dín in kù, nítorí pé owó ọ̀pọ̀ ọdún ló fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ta ló sì mọ ọ̀la? Àpò kẹta ni ìrora. Ìyẹn ò ní rìsíìtì. Adájọ́ á wo ohun tí àwọn adájọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí, á wo ojú aláìsàn, á fọwọ́ sí iye kan. Tí ìwọ náà bá sì lọ́wọ́ nínú ẹ̀bi, wọn á gé tìrẹ kúrò. Ọlọ́kadà kan láti Owódé tí mọ́tò gbá níbi tó ti ń gba ọ̀nà tí kò yẹ kó gbà bá mi jà kíkankíkan lórí èyí. Ó ní, "Lọ́yà, ṣé ti mọ́tò lẹ̀ ń ṣe ni àbí tèmi?"

Bó ṣe rí nìyẹn, ọdún sì ń gorí ọdún, títí Ìyá Kúdí fi dé.

Ará Ìjòun ni, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gààrí ló ń yan. Àtíbàbà rẹ̀ wà nítòsí ọ̀nà tí ọkọ̀ agbégilódò ń gbà kó igi tíìkì jáde nínú igbó. Lọ́jọ́ kan, ṣéènì tó di ẹrù ọkọ̀ kan já, igi yí wálẹ̀, ó gbá òpó àtíbàbà, òpó sì wó lé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Wọn ò gé ọwọ́ náà, Ọlọ́run ṣeun. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ní kò lè di nǹkan mú mọ́ láéláé. Nígbà tó gbé e lé orí tábìlì mi, ó wà níbẹ̀ bí ìbọ̀wọ́ tí wọ́n bọ́ kalẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn ń bu omi sí gààrí lásán, ẹ jẹ́ n sọ fún yín: ọwọ́ ọ̀tún ni gààrí. Òun ló ń di ọ̀bẹ mú láti bó ẹ̀gẹ́, òun ló ń fi asẹ́ jọ ọ́ lẹ́yìn tí jáàkì bá ti fún omi rẹ̀ tán. Tó bá dénú agbada, òun náà ló ń fi igbá yí i, tó ń tẹ̀ ẹ́, tó ń yí i, láìsinmi, nínú èéfín. Ìṣẹ́jú kan tí o bá fi nu oógùn, ó ti jóná.

Ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ náà kò jiyàn pé àwọn jẹ̀bi. Ṣéènì náà ti dípẹtà, gbogbo ayé rí i. Iye ni ìjà. Lọ́yà wọn ni Ṣóbọ́wálé láti Abẹ́òkúta, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n tó bá ti ní "ẹ jọ̀ọ́ mà, ìbéèrè kékeré kan," kí o yáa di àga mú. Mo jókòó, mo ṣírò. Mo mọ iye tí àpò gààrí kan ń wọlé fún un, mo yọ owó ẹ̀gẹ́, owó ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́, owó igi ìdáná, mo sọ èrè ọjà kan di ti ọdún kan, mo sọ ti ọdún kan di ti ọ̀pọ̀ ọdún. Háà! Ìṣirò náà dùn mọ́ mi débi pé mo dìde, mo jó yí tábìlì ká. Ọ̀gá Adélékàn, tó ti darúgbó nígbà náà, tó kàn ń wá sí ọ́fíìsì wá ka ìwé ìròyìn, ní, "Rọra, ijó kì í ṣáájú ìlù."

Kò pẹ́ tí èsì Ṣóbọ́wálé dé. Fọ́tò ló kó wá. Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò wọn ti rán èèyàn lọ sí Ìjòun lọ́jọ́ ọjà. Ẹ wo àtíbàbà Ìyá Kúdí, ẹ wo àpò gààrí lọ́tùn-ún lósì! Ẹ wo obìnrin tí inú rẹ̀ ń dùn tó ń ra gààrí! Wọ́n ní gààrí rẹ̀ kò dín látìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti kú, ẹni tí kò sì pàdánù nǹkan kan, kí ni a fẹ́ dá padà fún un? Àpò kejì ti ṣófo báyìí.

Mo fi ìbínú pè é lórí fóònù.

"Ìyá Kúdí! Ṣé ẹ ṣì ń ta gààrí ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Lọ́yà. Alihamdulilahi."

"Ẹ ṣì ń ta gààrí! Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí. Ọwọ́ lẹ̀ ń bi mí, mo sì ń sọ ti ọwọ́."

Mo fẹ́ fi orí gbá ògiri. Ọ̀gá ká ìwé ìròyìn rẹ̀, ó na ìka rẹ̀ àtijọ́ yẹn sókè. Ó ní, "Ìka ta ni, Bùnmi? O ti ṣírò tán, o ò tíì lọ wò ó níbi tó ti ń ṣiṣẹ́." Mo ní ọ̀nà jìn. Ó ní kí n mú omi dání.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba Ayétòrò, mo kí ìyá mi tó ń gbé nílé bàbá mi níbẹ̀. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀: ẹ̀gẹ́ tí bàbá mi gbìn sẹ́yìnkùlé kó tó kú ti gbó kọjá, kò sí ẹni tí yóò bá òun hú u, lọ́yà lásán-làsàn ni òun bí. Mo ní mo ń bọ̀, mo gun ọ̀kadà, ó di Ìjòun. Eruku pupa náà wọ imú mi títí mo fi débẹ̀. Wọ́n ní Ìyá Kúdí kò sí ní àtíbàbà tirẹ̀, ó wà ní ti Ìyá Bọ́lá.

Ìyá Bọ́lá ni olórí àwọn obìnrin náà, díákónì obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ẹni tí apá rẹ̀ nípọn, tí ohùn rẹ̀ sì tóbi ju apá rẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, wọ́n ń bó o, ọ̀bẹ ń dún ṣá-ṣá. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ arẹwà wà láàárín wọn, ó tẹrí ba, ó ń bó tirẹ̀ lọ. Ìyá Kúdí fi ọwọ́ òsì kó èèpo dànù. Mo kí wọn, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè mi lórí ìdúró.

Ìyá Bọ́lá ti àpótí kan sí mi, ó fi ọ̀bẹ lé e. "Lọ́yà, jókòó. Bí ẹnu bá ń ṣiṣẹ́, kí ọwọ́ náà máa ṣiṣẹ́."

Mo jókòó. Mo bó ẹ̀gẹ́ títí oòrùn fi kan àtàrí, mo ń bi wọ́n léèrè, wọ́n ń dá mi lóhùn, wọ́n sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá Bọ́lá gbé ọ̀kan tí mo bó sókè, ó ní, "Ẹ wá wo ohun tí ìjọba fi owó kọ́! Ẹ̀gẹ́ tó tó apá, Lọ́yà bó o, ó ku ìka." Ẹ̀rín pa wá.

Nínú ẹ̀rín yẹn ni mo ti bi í pé, "Ìyá, ta wá ló ń yan gààrí Ìyá Kúdí?"

"Àwa náà ni. Ta ló tún kù?"

"Ẹ káre o. Ìrànlọ́wọ́ ńlá nìyẹn."

Ọ̀bẹ dákẹ́. Ìyá Bọ́lá wò mí bí ẹni pé mo ti bú u. "Ìrànlọ́wọ́ kẹ̀? Àáró ni."

Mo mọ àáró. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ ọ́n? Lónìí gbogbo yín á ṣe tèmi, lọ́la èmi náà á ṣe tiyín. Àmọ́ mo rò pé àwọn bàbá wa ló gbé e lọ sóko, mi ò mọ̀ pé ó jókòó pẹrẹsẹ ní ìdí agbada ní Ìjòun. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ọjà kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí ó kàn. Gbogbo wọn á kó ara wọn lọ sí àtíbàbà rẹ̀, wọn á bó, wọn á jọ̀, wọn á yan, gààrí ẹni náà á pọ̀ tó èyí tó lè tà. Ọjà tó tẹ̀ lé e, ó di ti ẹlòmíràn. Kò sí owó níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń fi san iṣẹ́ ọwọ́.

"Tí ọwọ́ bá wá kú ńkọ́?" ni mo bi wọ́n.

Ìyá Kúdí fi ojú tọ́ka sí ọmọbìnrin tó tẹrí ba yẹn. "Ọmọ mi nìyẹn, Lọ́yà. Kúdí. Iléèwé nọ́ọ̀sì ló wà. Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù, ó ní òun á wá bá mi san àáró títí ara mi á fi yá. Ara mi ti yá, ọwọ́ ò yá." Ohùn rẹ̀ wá sílẹ̀. "Iléèwé ní àwọn á dá àyè rẹ̀ dúró di ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó ń bọ̀. Tó bá kọjá ìyẹn, kó gbàgbé ẹ̀. Mo ti fi ọmọ mi ṣe ìwọ̀fà ọwọ́ mi."

Kúdí ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ni kí n wí? Lọ́yà, mi ò fẹ́ mọ́tò, mi ò fẹ́ ilé. Ẹ bá mi gba owó alágbàṣe tí yóò máa jókòó sí ìdí agbada dípò mi, kí ọmọ mi lè padà sí iléèwé. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́."

Orí mi wú! Mo dìde pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́ débi pé Ìyá Bọ́lá ní kí n rọra kí n má gún èèyàn. Ohun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí ló jókòó níwájú mi tó ń bó ẹ̀gẹ́! Gààrí kò dín lóòótọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kò sí mọ́, ọmọ rẹ̀ ló sì ń fi ara rẹ̀ dí i. Èrè gààrí tí mo fi ń jó yí tábìlì ká, kò kan ọ̀rọ̀ náà rárá. Owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe ni kí n mú, kí n fi ọjọ́ àáró inú ọdún kan sọ ọ́ di ìlọ́po, kí n fi ọdún tó kù fún un lẹ́nu iṣẹ́ sọ ọ́ di ìlọ́po. Ọjọ́ tí Kúdí ti fi san án sẹ́yìn wà nínú àpò kìíní, ọjọ́ iwájú wà nínú àpò kejì. Fọ́tò tí Ṣóbọ́wálé fi kọlù wá, ẹlẹ́rìí tèmi ni! Àpò gààrí tó wà lọ́tùn-ún lósì yẹn, gbèsè iṣẹ́ tí ó jẹ ni. Mo dúpẹ́, mo dá ọ̀bẹ padà, mo sáré gun ọ̀kadà láì fọ ọwọ́. Nígbà tí mo dé Ìlaròó, mo ń ké "Ọ̀gá! Ọ̀gá!" láti ẹnu ọ̀nà, àwọn ará ìsàlẹ̀ rò pé iná ló ń jó.

Ọ̀gá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. "Ó dára gan-an," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n Ṣóbọ́wálé á ní àánú ni. Wọn ò kọ àáró náà síbi kankan. Tí adájọ́ bá gbà pé àánú ni, ó parí, ọmọ yẹn ò padà sí iléèwé."

A tún ìwé ẹjọ́ kọ. Ṣóbọ́wálé yarí, adájọ́ gbà wá láyè. Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé, àwọn obìnrin Ìjòun sì kún ìjókòó ẹ̀yìn, òórùn èéfín gààrí kún kóòtù. Kúdí jókòó ti ìyá rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ sáà iléèwé kò jìnnà mọ́. Mo pe Ìyá Bọ́lá, ó ṣàlàyé àáró dáadáa. Ni Ṣóbọ́wálé bá dìde wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìbéèrè kékeré kan. Nígbà tí ẹ bá Ìyá Kúdí yan gààrí, èló lẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀?"

"A ò gba kọ́bọ̀."

"Ìfẹ́ lẹ fi ń ṣe é nígbà náà."

"A fẹ́ràn ara wa. Àmọ́ àáró la fi ń ṣe é."

"Níbo lẹ kọ àáró yìí sí, mà? Ta ló ń ṣírò ẹni tó jẹ àti ohun tó jẹ?"

"A kì í kọ ọ́. Ọmọ mi, ẹni tó bá ọ jókòó nínú èéfín títí omi fi dà lójú rẹ̀, ṣé wàá kọ ọ́ sílẹ̀ kó o tó rántí?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn kùn hùn-ùn. Ṣóbọ́wálé rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá gbé èyí tó ti ń pa mọ́ jáde. "Kí a sọ pé Ìyá Kúdí kò san án, mà. Kí lẹ máa fi í ṣe? Ṣé ẹ máa pè é lẹ́jọ́ ni?"

Tó bá ní àwọn á dárí jì í, a gbé.

Ìyá Bọ́lá wo Ìyá Kúdí, ó wo adájọ́. "A ò ní bá a jà," ni ó wí. "A ò ní pè é lẹ́jọ́. A óò máa kí ara wa láàárọ̀. Tí ọjọ́ rẹ̀ bá wá kàn, yóò jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sì ní rí ẹnì kankan. Òun náà mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi mú ọmọ jáde níléèwé."

Adájọ́ kọ̀wé títí. Ó wá bi Ìyá Kúdí fúnra rẹ̀ pé kí ló fẹ́ kí ilé ẹjọ́ ṣe fún un. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn dìde, ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orí igi àgọ́ ẹlẹ́rìí, ó tún sọ ohun tó sọ fún mi ní Ìjòun. Kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Kúdí ń sunkún. Èmi náà ń sunkún, mo ń díbọ́n pé mò ń wá bírò nílẹ̀.

Ọjọ́ ìdájọ́, mo tètè dé kóòtù. Adájọ́ kà á lọ, kà á lọ, àpò kìíní, àpò kẹta, mo ń fi ìka ṣírò lábẹ́ tábìlì. Nígbà tó dé orí èkejì, ó ní gbèsè tí a ń fi ọmọ san, gbèsè ni síbẹ̀, àti pé òun gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin náà ní iye. Ó mú owó iṣẹ́ alágbàṣe, ó mú ọjọ́ àáró, ó mú ọdún tó kù, ó dín in kù díẹ̀ bí ó ti yẹ. Kó tó pe iye náà ni mo ti mọ̀ ọ́n! Mo ní "Yéè!" nínú kóòtù, èmi lọ́yà tó wọ wíìgì! Adájọ́ bojú wò mí lókè awò ojú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ forí jì mí, Olúwa mi." Wọ́n ní ó rẹ́rìn-ín, èmi ò rí i, mo ti tẹrí ba.

Níta, Ṣóbọ́wálé bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá tèmi náà ṣe àáró rí. Látìgbà tí màmá yẹn ti la ẹnu ni mo ti mọ̀ pé mo wọ gàù." Ilé iṣẹ́ wọn kò pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n sanwó. Kúdí padà sí iléèwé kí sáà tó wọlé, alágbàṣe kan láti apá Ìfọ̀nyìntẹ̀dó sì jókòó sí ìdí agbada lórúkọ ìyá rẹ̀. Èmi náà gba owó iṣẹ́ mi. Mo rò pé ó ti parí.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo lọ kí ìyá mi ní Ayétòrò lópin ọ̀sẹ̀. Kí n tó jẹun àárọ̀ tán, mo gbọ́ ariwo lẹ́yìnkùlé. Mo sáré jáde. Àwọn obìnrin Ìjòun nìyẹn! Ìyá Bọ́lá ti wọ inú ẹ̀gẹ́ bàbá mi, ó ń hú u bí ẹni ń fa ehín. Àwọn ìyókù ti jókòó, wọ́n ń bó o. Ìyá Kúdí ń fi ọwọ́ òsì tò ó jọ.

Mo ní, "Ẹ̀yin màmá! Kí ló ṣẹlẹ̀? Mo ti gbowó iṣẹ́ mi o!"

"Owó ẹjọ́ lo gbà," ni Ìyá Bọ́lá wí, kò gbójú sókè. "Ẹ̀gẹ́ tó o bá wa bó lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? O sọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ ìyá rẹ fún wa lẹ́nu iṣẹ́, a sì ní ọjọ́ tìẹ náà á kàn."

Èmi fúnra mi ti gbàgbé ọjọ́ yẹn! Mo lọ sí kóòtù, mo fi ìwé ti ìwé, mo fi òfin ti òfin, kí adájọ́ lè gbà pé àwọn obìnrin yìí kì í gbàgbé àáró, èmi ni kò sì gbà á gbọ́ tán.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, wọ́n dìde lójijì, wọ́n ń nu ọ̀bẹ. Òkìtì ẹ̀gẹ́ ṣì wà nílẹ̀ tó tó orúnkún. Ìyá mi figbe ta. "Ẹ ò ní bá wa parí ẹ̀ ni?"

Ìyá Kúdí ló dá a lóhùn, wọ́ọ́rọ́wọ́. "Màmá, ọ̀sán ni Lọ́yà bá wa bó o dé. A ti san án. Tí a bá parí ẹ̀, òun ló máa jẹ wá."

Ìyá mi wò mí. Ó wo ẹ̀gẹ́. Ó tún wò mí.

"Ẹ jókòó," ni ìyá mi wí. "Ẹ parí ẹ̀. Ó máa wá san án."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jókòó padà, ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé ní Ìjòun, mo so wíìgì mi kọ́, mo wá aṣọ tó ti gbó wọ̀, mo gun ọ̀kadà, mo lọ jókòó sí ìdí agbada.